Bí Owó Ìrànwọ́ Bá Wọlé, Ẹ Jẹ́ Kó Sùn Ná

Láti ìgbà tí omi ti lé yín kúrò nílé, ohun tí ẹ ń bi wá jù ní ọ́fíìsì wa ní Alágbàká ni ìgbà tí owó ìrànwọ́ yóò wọlé. Bí ó bá sì wọlé tán, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí a ó fi máa gbọ́ ìbéèrè kejì: ṣé òmíràn kò sí? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti ń ṣọ́wó ná kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà kí ẹ̀yin àgbà má ṣe bínú sí mi.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní àpà. Ẹni tí omi ba bẹ́ẹ̀dì àti fìríìjì rẹ̀ jẹ́, tó ń sùn lórí ẹní nílé ẹ̀gbọ́n, yóò fẹ́ kí ojú òun tún rí nǹkan tí í ṣe tòun. Àlẹ́ẹ̀tì á dún láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti ra bẹ́ẹ̀dì ní Ọjà Ọba. Ṣùgbọ́n ilé wo ni yóò gbé e sí? Mo mọ ìdílé kan tí bẹ́ẹ̀dì tuntun wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé títí òjò fi rin ín gbingbin, bẹ́ẹ̀ owó ilé kò sì sí lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí owó náà sùn ná. Ẹ yọ owó oúnjẹ àti oògùn ọ̀sẹ̀ kan, kí ìyókù wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí tọkọtaya jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè fi díẹ̀ ra adìyẹ kan lọ́jọ́ Ìsinmi o. Ẹni tójú rẹ̀ ti rí tó báyìí yẹ lẹ́ni tó ń jẹran.

Owó ilé ni kó ṣáájú. Ẹ mọ̀ pé onílé nílùú Àkúrẹ́ sábà máa ń gba ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ajẹ́ntì yóò gba tirẹ̀, owó àdéhùn sì tún wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ilé tí owó rẹ̀ kéré létí Odò Àlà tàn yín. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ wo ara ògiri, ẹ wo ibi tí ìlà ẹrẹ̀ dé, kí ẹ sì bi àwọn ará àdúgbò. Ẹ má bi ajẹ́ntì.

Ibo ni kí owó wà títí ẹ óò fi rílé? Omi ti fi kóló hàn wá. Bí owó tí omi bà jẹ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má jù ú nù, ẹ kó o lọ sí bánkì, nítorí Bánkì Àpapọ̀ fàyè gba pípààrọ̀ owó tó ti bàjẹ́. Owó ìrànwọ́ gan-an, bánkì ló yẹ ẹ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bí bánkì ńlá kan bá kógbá sílé, àjọ NDIC yóò san owó oníbàárà rẹ̀ padà títí dé ₦5,000,000; ti bánkì microfinance jẹ́ ₦2,000,000. Kò sí irú ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀ fún owó ọwọ́ alájọ. Mi ò ní kí ẹ fi alájọ sílẹ̀: owó ojúmọ́ tí ẹ bá rí níbi ọjà tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ẹ máa dá a fún un, kó gba ti ọjọ́ kan rẹ̀ lóṣù bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ ṣáà má kó gbogbo owó ìrànwọ́ lé e lọ́wọ́.

Èésú pàápàá ti pẹ́ láàárín wa. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Bí ẹ bá wà nínú ọ̀kan, ẹ bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n fi yín sí oṣù tí owó ilé yóò pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ máa yọ tiwọn kí owó tó kàn yín lọ́wọ́. Èmi náà gbìyànjú láti máa fi èyí tó bá ṣẹ́ kù lópin oṣù pamọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò ṣẹ́ kù rí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò sọ owó yín di púpọ̀ láàárín oṣù kan, ẹ rántí MMM. Èlé ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù ni wọ́n ṣèlérí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni wọ́n ti owó àwọn èèyàn pa.

Èyí tó le jù ni ti ẹbí. Wọn yóò gbọ́ pé owó wọlé, ìsìnkú àti aṣọ ẹbí yóò sì yọjú. Ẹ pinnu iye tí ẹ lè fún wọn ṣáájú, kí ẹ lè fi ẹnu rere sọ pé èyí tó kù ti ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ti ẹni tó gbà yín sílé yàtọ̀: ẹ dá sí owó iná àti oúnjẹ níbẹ̀, ẹ má kà á sí ìnákúnàá.

Bí ìṣirò náà bá ta kókó, ẹ wá bá wa ní ọ́fíìsì kí a jọ ṣe é. Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò dání. Tọkọtaya ni kó wá o, kó má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.