Iná Mẹ́ta Lọ́wọ́ Ẹni tí Ó Ń Dá Irin Jíjó Kọ́ Nílé

Ọ̀rọ̀ kan náà, iná, ni Yorùbá ń lò fún ohun tí a fi ń se ọbẹ̀, fún ìmọ́lẹ̀ àtùpà, àti fún agbára tí ó ń gba inú wáyà wọlé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó máa ń là wọ́n sọ́tọ̀: iná jó aṣọ, iná tàn, iná gbé ènìyàn. Lẹ́nu iṣẹ́ jórinjórin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lójú kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí a bá kìlọ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ kékeré sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pé kí ó ṣọ́ra fún iná, ìkìlọ̀ náà kò tíì sọ ohunkóhun fún un. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá lè fa ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó ń dá kọ́ ọ nílé kò ní ju ọ̀rọ̀ lọ.

Iná tí ń gbé ni ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Láti inú ẹ̀rọ ni ó ti ń jáde, ó ń gba inú ọ̀pá ìjórin kọjá sínú irin, wáyà kejì tí a há mọ́ irin náà sì ń dá a padà. Ohun tí ó di ọ̀pá mú kò nílò orúkọ tuntun: ẹ̀mú ni, gẹ́gẹ́ bí ti alágbẹ̀dẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iná ti wà nínú ẹ̀mú yìí kí irin tó gbóná rárá. Ìbọ̀wọ́ awọ gbígbẹ, bàtà gbígbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ; ìbọ̀wọ́ tí òógùn ti rin kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ti iná kejì, èyí tí ń jó, díjú jù, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀ ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ohun tí ó bá jó ti bàjẹ́. Irin tí a ń so pọ̀ kò gbọdọ̀ jó: yíyọ́ ni ó ń yọ́, ní nǹkan bí 1,500 ní ìwọ̀n Celsius. Iná tí ń fò láti ẹnu ọ̀pá sí ara irin gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì; etí irin méjèèjì àti ẹnu ọ̀pá a sì yọ́ pa pọ̀ di adágún kékeré kan. Adágún yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹjú mọ́. Ẹni tí ó gbà pé jíjó ni iṣẹ́ náà a rí i tí iná ń ta, a sì yára fa ọ̀pá kọjá. Ohun tí ó kán sílẹ̀ a jókòó lórí irin bí ìda àbẹ́là lórí tábìlì, òòlù kan a sì ṣí i kúrò. Orúkọ jórinjórin ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu ará ìlú, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí yóò fà á tu. Kí ó máa jẹ́ orúkọ oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n yíyọ́pọ̀ ni kí a máa pe ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú irin.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó mílímítà 3 sí 5 àti ọ̀pá onímílímítà 2.5 tí a kọ E6013 sí lára dára. Ámpù 70 sí 90 ni a sábà máa ń yí ẹ̀rọ sí. A óò fi ẹnu ọ̀pá ṣá irin bí ẹni ń ṣá ìṣáná, a óò sì gbé e sókè díẹ̀, kí àlàfo náà má ju ìnípọn ọ̀pá lọ. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ irin, kí a yí i já kíá tàbí kí a tú u kúrò lẹ́nu ẹ̀mú. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ìró rẹ̀ a dàbí ti àkàrà nínú epo gbígbóná.

Èèpo tí ó bo ọ̀pá a jó ní tirẹ̀ (níhìn-ín ni jó ti bá ipò rẹ̀ mu). Afẹ́fẹ́ tí ó ti inú rẹ̀ jáde a lé afẹ́fẹ́ òde kúrò lórí adágún, ìyókù a léfòó, a sì le koko. Ìdàrọ́ ni Yorùbá ti ń pe irú ìyókù bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń yọ́ irin láti inú òkúta. Kò sí ìdí láti wá òmíràn. Kí a gbá a kúrò kí a tó tún ojú kan náà ṣe, pẹ̀lú gíláàsì ààbò lójú, nítorí pé gbígbóná ni ó máa ń fò. Ohun tí ó lè jó gidi ni aṣọ ọ̀rá, pákó, àti dúrọ́ọ̀mù tí ó ti gba bẹntiróòlù rí. Bí irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ṣófo, ó lè bú gbàmù.

Iná kẹta ni ìmọ́lẹ̀. Apá tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni ojú kò rí, ìrora rẹ̀ kì í sì í dé lójú ẹsẹ̀: ó lè di òru kí ojú tó máa ta bí ẹni pé iyanrìn kún un. Ìbòjú onígíláàsì dúdú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10 tàbí 11 ni ó yẹ. Awò òòrùn kò tó rárá. Nínú agboolé, ọmọdé àti aládùúgbò a máa kọjá. “Ẹ ṣọ́ra fún iná!” yóò mú kí wọ́n yíjú síbẹ̀ gan-an láti wo iná náà. “Ẹ gbójú kúrò!” ni kí a ké kí ọ̀pá tó kan irin.

Ó ku èéfín. Páìpù àti páànù tí a fi síǹkì bò a máa tú èéfín funfun jáde bí a bá ń yọ́ wọn, ẹni tí ó bá fà á símú sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Ibà ni ará ilé yóò pè é, oògùn ibà ẹ̀fọn ni wọn yóò sì rà. Bí a bá fún un ní orúkọ tirẹ̀, ibà síǹkì, ẹni náà yóò mọ ohun tí yóò sọ fún dókítà. Mílíìkì tí àwọn kan ń mu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò dí èéfín lọ́nà; kí a ha síǹkì kúrò lójú ibi tí a fẹ́ yọ́, kí a sì ṣiṣẹ́ ní gbangba.