Bátìrì tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó: àdàlù tí ń jẹ owó onílé

Láti Kétu dé Sábẹ̀, láti Pobè dé Àjàṣẹ́, pánẹ́ẹ̀lì iná oòrùn lórí òrùlé kì í ṣe ohun àpéwò mọ́. Ẹni tí wáyà SBEE kò tíì dé àdúgbò rẹ̀ rà á. Ẹni tí ó ní iná SBEE rà á pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ. Ọdún kejì tàbí ìkẹta ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń yí padà. Ìdílé ti pọ̀ sí i, tẹlifíṣọ̀n ti dé, ẹ̀rọ amómitutù ti dé, iná kì í sì í bá wọn dé òwúrọ̀ mọ́. Onílé wá pinnu pé òun yóò fi bátìrì kún bátìrì. Nígbà tí ó dé ọjà, irú èyí tí ó wà nílé kò sí mọ́. Ọlọ́jà nawọ́ sí òmíràn: ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n 12 V ni a kọ sí i lára, 100 Ah ni a kọ sí i lára, gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó gbé owó èsúsú lọ sí ọjà kì í sì í fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ gan-an kọ́ ni ewu tí ó tóbi jù. Ohun tí orúkọ náà ń bò mọ́lẹ̀ ni. Bátìrì olójé, irú èyí tí Gaston Planté ará Faransé kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1859, ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń lò. Yàrá kéékèèké mẹ́fà ni ó wà nínú èyí tí í ṣe 12 V, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí 2 V wá. Ṣùgbọ́n bí òjé náà ṣe nípọn tó àti bí omi kíkan inú rẹ̀ ṣe rí kò dọ́gba. Omi kíkan ń ṣàn nínú àwọn kan. Ó dì bí ẹ̀kọ nínú àwọn tí a ń pè ní gel. Ó fà mọ́ inú aṣọ tí a fi òwú gíláàsì ṣe nínú àwọn tí a ń pè ní AGM. Ọ̀pọ̀ bátìrì gel kì í fẹ́ kí iná tí ń wọ inú wọn kọjá nǹkan bí 14,2 V, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ AGM ń fẹ́ 14,4 V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó kún dáadáa. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó ń darí iná láti orí pánẹ́ẹ̀lì wá sínú wọn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní régulateur. Kò lè sọ èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àní 100 Ah yẹn pàápàá kò pé bí a kò bá wo àmì kékeré tí ó tẹ̀ lé e. C100 túmọ̀ sí pé wákàtí 100 ni wọ́n fi rọra fa iná inú rẹ̀ tán nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n; C10 túmọ̀ sí wákàtí mẹ́wàá péré. Bátìrì tí ó ní 100 Ah ní C100 kéré sí èyí tí ó ní 100 Ah ní C10, bí ọlọ́jà tilẹ̀ ń pè wọ́n ní ìbejì.

Kí a sọ pé obìnrin kan ń ta ẹja dídì ní ẹ̀bá títì Kétu. Bátìrì méjì ni ó ní, a so wọ́n tẹ̀ léra ní orí mọ́ ìdí, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní série, kí 12 V méjì lè di 24 V. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ọ̀kan kú. Ó ra tuntun rọ́pò rẹ̀, ó sì fi ògbólógbòó kejì sílẹ̀ níbẹ̀. Régulateur ń ti 28,8 V sí àwọn méjèèjì, bí ẹni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 14,4. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògbólógbòó, tí àyè inú rẹ̀ ti dín kù, tètè kún. Ó lè máa gba 15,3 V nígbà tí tuntun ń gba 13,5 péré. Àròpọ̀ wọn ṣì jẹ́ 28,8, nítorí náà kò sí ẹ̀rọ tí yóò ké. Ògbólógbòó ń gbóná, omi inú rẹ̀ ń gbẹ. Tuntun kì í yó, ìpẹ́ funfun sì ń ṣù mọ́ òjé inú rẹ̀.

Ní òru, iná kan náà ni ó ń gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Ògbólógbòó á kọ́kọ́ tán, ṣùgbọ́n agbára ṣì wà lára èkejì, ó sì ń fi ipá wọ́ ọ kọjá ibi tí ó yẹ kí ó ti dúró. Kí ó tó di àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ̀rọ tí ń yí iná bátìrì padà sí iná ilé á pa ara rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún òru mélòó kan léraléra, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹni tí ó sanwó bátìrì kan wá di ẹni tí bátìrì méjì bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, parallèle, rọ̀ ju èyí lọ díẹ̀. Fóltì wọn dọ́gba níbẹ̀, iná sì ń pín ara rẹ̀: èyí tí ara rẹ̀ le gbé púpọ̀, èyí tí ó rẹ̀ gbé díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jò nínú ògbólógbòó, tuntun ni yóò máa bọ́ ọ ní gbogbo òru. Bí yàrá kan bá sì kú pátápátá nínú ọ̀kan, gbogbo àwọn tó kù á da iná wọn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà lè pọ́n, ilé sì lè jó. Ìdí nìyí tí fúsíbù fi yẹ lórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò dá nítorí owó kékeré.

Lítíọ̀mù tún yàtọ̀. Bátìrì LiFePO4 kò fẹ́ irú ìbọ́ tí olójé ń fẹ́: fóltì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì ní ẹ̀rọ ẹ̀ṣọ́ nínú tí ó lè gé iná lójijì. Sísọ ọ́ mọ́ olójé tààrà kì í ṣe iṣẹ́ fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kún un, kí ó kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí. Bátìrì irú kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà, tí ó fi ọdún mẹ́ta ju ara wọn lọ, burú ju ilé-iṣẹ́ méjì tí a ra bátìrì wọn lọ́jọ́ kan náà, bí irú àti ìwọ̀n wọn bá bára mu. Kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iná kún lọ́tọ̀, kí ó tú u sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ó sì wọ̀n ọ́n: èyí tí ara rẹ̀ dá yóò sọ nǹkan bí 12,7 V. Èyí tí ó sọ 12,2 ti sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí iṣẹ́ wà lórí wọn, nítorí bátìrì tí ó ti rẹ̀ lè purọ́ nígbà tí ó bá ń sinmi.

Ọ̀nà tí ó dára jù fún ẹni tí kò lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ni kí ó má ṣe dà wọ́n pọ̀ rárá. Kí ọ̀wọ́ tuntun ní pánẹ́ẹ̀lì àti régulateur tirẹ̀, kí ó máa gbé ẹ̀rọ ẹja. Kí ògbólógbòó máa tan gílóòbù àgbàlá, kí ó sì máa bọ́ fóònù. Kí a gbé gbogbo wọn kúrò ní abẹ́ páànù gbígbóná: àwọn oníṣẹ́ gbà pé bí ooru bá fi 10 °C kọjá 25 °C, ìdajì ọjọ́ ayé bátìrì olójé ti lọ. Ní Sábẹ̀, ní oṣù kẹta, yàrá tí kò ní fèrèsé á kọjá ìyẹn kí ọ̀sán tó pọ́n. Èyí tí ó bá kú tán, kí a dá a padà fún ẹni tí ń ra òkú bátìrì. Kí a má ṣe gbé e fún ẹni tí ń yọ́ òjé nínú àgbàlá níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.