Ìnákúnàá: Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Bí A Ti Ń Lò Ó

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà mọ́sálásí, ẹ̀yin ọmọ kéú, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí ilé tí a kì í ti í gbọ́ ọ. Ọkọ a máa fi bá aya wí, ìyá a máa fi bá ọmọ wí, àlùfáà a sì máa fi ṣe wáàsí. Ọ̀rọ̀ náà ni ìnákúnàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé olówó nìkan ni ó ń bá wí, pé ẹni tí kò ní lọ́wọ́ kò lè ṣe ìnákúnàá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní èdè Yorùbá àti ní èdè Lárúbáwá, a ó rí i pé kì í ṣe bí owó ti pọ̀ tó nìkan ni a fi ń mọ ìnákúnàá. Ibi tí owó náà lọ ni a kọ́kọ́ ń wò.

ÌTUMỌ̀ RẸ̀ NÍ YORÙBÁ

Láti ara "ná owó" ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Bí Yorùbá ti sọ ìsọ di ìsọkúsọ, tí ó sọ ìjẹ di ìjẹkújẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ìná di ìnákúnàá. Ẹni tí ó ń jẹ ìjẹkújẹ lè má yó rárá. Ohun tí kò yẹ ní jíjẹ ni ó ń jẹ. Bákan náà, onínàákúnàá lè má ná ju ogún náírà lọ, ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ ni ó ná an sí.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọ́n sún mọ́ ọn. Ẹni tí ìnákúnàá ti di ìwà fún ni a ń pè ní àpà. A ó ní, "Ọmọ náà ti yàpà," tàbí "Ìná àpà ni ó ń ná." Fún oúnjẹ, omi àti àkókò, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ènìyàn fi wọ́n ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ ohun èlò tàbí ipò ni, a ó pè é ní ìlòkulò.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ kan tí ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Bí a bá ní ìyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ láti ṣe, a ó ní, "Mo ní ìnáwó." Àwọn ènìyàn á sì kí wa pé, "Ẹ kú ìnáwó." Ìnáwó kò burú. Ṣùgbọ́n ìnáwó àti ìnákúnàá kò jìnnà sí ara wọn, ẹsẹ̀ kan ni ó wà láàárín wọn.

ÌTUMỌ̀ RẸ̀ NÍ LÁRÚBÁWÁ

Ọ̀rọ̀ méjì ni Lárúbáwá ní fún ohun tí àwa ń pè ní ìnákúnàá. Èkíní ni israaf, èkejì ni tabdhiir.

Israaf ni kí ènìyàn kọjá ààlà nínú ohun tí ó tọ́ fún un. Àṣejù ni Yorùbá ń pè é. Nínú Súrà Al-A'raaf, aáyà 31, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún wa láti jẹ kí á sì mu, Ó sì kọ̀ fún wa láti ṣe israaf níbẹ̀. Oúnjẹ náà kì í ṣe èèwọ̀, àṣejù rẹ̀ ni èèwọ̀. Kì í sì í ṣe owó nìkan ni israaf wà fún. Nínú Súrà Yunus, aáyà 83, Fìráónà wà lára àwọn tí Ọlọ́hun pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó kọjá ààlà.

Tabdhiir wá láti ara badhr, èyí tí í ṣe irúgbìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí á máa fọ́n nǹkan káàkiri. Bí àgbẹ̀ bá fọ́n irúgbìn sí oko tí ó ti ro, ó gbìn ín. Bí ó bá fọ́n ọn sí orí títì, òfò ni. Ọwọ́ kan náà ni, irúgbìn kan náà ni, ibi tí ó bọ́ sí ni kò dọ́gba. Nítorí náà ni Mujahid, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onítumọ̀ Al-Kùránì, fi ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ná gbogbo ohun ìní rẹ̀ sí ibi tí ó tọ́, kì í ṣe tabdhiir, ṣùgbọ́n bí ó bá ná mudu kan péré sí ibi tí kò tọ́, tabdhiir ni. Nínú Súrà Al-Israa, aáyà 27, àwọn tí ń ṣe é ni Ọlọ́hun pè ní ọmọ ìyá àwọn èṣù.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí di ahun o. Aáyà 29 nínú Súrà kan náà kìlọ̀ fún ọ̀háwọ́ àti fún àpà pọ̀. Súrà Al-Furqaan, aáyà 67, sì fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ṣe ìwà àwọn ẹrú Ọlọ́hun.

IBI TÍ Ó TI Ń ṢẸLẸ̀ LÁÀÁRÍN WA

Èkíní ni omi àlùwàlá. Ó wà nínú hádíìsì Anas, tí Bukhari àti Muslim gbà wá, pé mudu omi kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Mudu kan ni ohun tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ẹ̀yin ọmọ kéú tí ẹ máa ń ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ tí ẹ ó máa sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ o. Kò sí owó lọ́wọ́ yín, síbẹ̀ ẹ ti ń ṣe israaf.

Èkejì ni wólímọ̀. Nígbà tí Abdur-Rahman ọmọ Awf gbé ìyàwó, Ànábì ní kí ó ṣe wólímọ̀, ìbáà ṣe àgùntàn kan. Nítorí náà, àsè ṣíṣe dára, ayọ̀ ọmọ tí ó parí Al-Kùránì náà dára. Ṣùgbọ́n bí òbí bá yá owó ra aṣọ ẹbí àti màlúù, tí ọmọ náà kò wá lè wọ kíláàsì tí ó kàn nítorí owó ilé-ìwé, kí ni a ṣe àjọyọ̀ rẹ̀? Ẹ̀kọ́ ni a ní a ń yẹ́ sí, ẹ̀kọ́ náà ni a sì dá dúró.

Ẹ̀kẹta, tí ó wúwo jù, ni ìnáwó òkú. Nígbà tí wọ́n pa Ja'far ọmọ Abu Talib ní Mu'tah, ní ọdún 8 Híjírà (629), Ànábì ní kí àwọn ènìyàn se oúnjẹ fún àwọn ará ilé Ja'far, nítorí ohun tí ó dé bá wọn. Àwa ti yí i padà. Àwọn tí òfò ṣẹ̀ ni ó ń se oúnjẹ fún àwa.

Nínú owó ta ni a sì ti ń se é? Bí ènìyàn bá kú, nínú ohun tí ó fi sílẹ̀ ni a ó ti mú owó aṣọ òkú àti ìsìnkú. Lẹ́yìn èyí ni a ó san gbèsè rẹ̀, kí á tó mú àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta kan lọ. Ohun tí ó bá kù di ti àwọn ajogún. Àsè ọjọ́ kẹjọ kò sí nínú ètò yìí. Bí àwọn ajogún tí ó ti dàgbà bá yọ̀ǹda nínú ìpín tiwọn, ọwọ́ wọn ni ó wà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì bàlágà kò lè yọ̀ǹda, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ kò sì lè bá a yọ̀ǹda. Súrà An-Nisaa, aáyà 6, lo ọ̀rọ̀ israaf gan-an fún jíjẹ owó ọmọ òrukàn. Aáyà 10 sì sọ pé iná ni ẹni tí ó bá fi àbòsí jẹ ẹ́ ń jẹ sínú. Màlúù tí a pa lọ́jọ́ fídáù lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọdún mẹ́ta fún ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa tí ó ń sunkún bàbá rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ tọrọ àforíjì fún òkú kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ẹran ta ni ó wà lẹ́nu òun.

Nítorí náà, kí á tó na ọwọ́ sí àpò, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ohun mẹ́ta. Ǹjẹ́ owó yìí jẹ́ tèmi? Ǹjẹ́ ibi tí ó ń lọ tọ́? Ǹjẹ́ ó mọ níwọ̀n? Bí ìdáhùn ọ̀kan bá jẹ́ rárá, kí á ká ọwọ́ kò.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ohun tí a ní, kí Ó fi ìwọ̀n sí ọwọ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí á fi ohun ìní ọmọ òrukàn ṣe ayé. Àmín.