Kọ̀ǹpútà Tí Ń Jí, Tí Ń Tún Dákú

Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, ẹni tí ó fi owó pamọ́ sí báńkì Capitec, ìbáà gbé Troyeville, àdúgbò Johannesburg tí Gandhi gbé rí, ìbáà gbé ibòmíràn ní Gúúsù Áfíríkà, rí i pé iṣẹ́ báńkì náà dẹnu kọlẹ̀. Olè kò wọlé o. CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ni ó fi fáìlì alábùkù ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ọdẹ tí a gbà láti ṣọ́lé ni ó ti onílé mọ́ta!

Bí Windows bá ti jí, a ka fáìlì náà, a dákú, a sì tún jí. Microsoft ní ẹ̀rọ mílíọ̀nù 8.5 ni ó kàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 78 ni CrowdStrike ti fa fáìlì náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, báwo ni ẹni tí ó dákú yóò ṣe gbọ́ ìròyìn? Ènìyàn ni ó ní láti jókòó ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó ṣí i ní Safe Mode, kí ó pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 rẹ́, kí ó sì tún un tàn. Níbi tí BitLocker bá ti ti ẹ̀rọ pa, nọ́ńbà 48 ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà mìíràn tí òun náà ti dákú sì ni àwọn kan kọ ọ́ pamọ́ sí.