Òdòdó Ìgbéyàwó Tí Kò Ní Ba Àyíká Jẹ́

Bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó l'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn, òdòdó lẹ máa kọ́kọ́ rí: lẹ́nu ọ̀nà, lórí tábìlì, lẹ́yìn àga ọkọ àti ìyàwó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dé ààtàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, tí ẹ fẹ́ ọ̀ṣọ́ tó wuyì tí kò sì ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, ó ṣeé ṣe. Òdòdó fúnra rẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Ohun tó gbé e wá àti ohun tí wọ́n fi mú un dúró ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ẹ̀bá adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti ń gbin ọ̀pọ̀ òdòdó róòsì tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Òdòdó tí wọ́n ti já kì í pẹ́ rọ, nítorí náà ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé e, inú òtútù ló sì gbọ́dọ̀ wà títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Epo kékeré kọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ má tíì dá ọ̀nà jíjìn nìkan lẹ́bi. Ní 2007, Yunifásítì Cranfield ní Ìlú Ọba fi róòsì Kẹ́ńyà wé ti Nẹ́dálándì, wọ́n sì rí i pé èéfín tí ti Nẹ́dálándì ń fà ju ti Kẹ́ńyà lọ ní ìlọ́po márùn-ún ó lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú ló gbé ti Kẹ́ńyà dé Ìlú Ọba. Ìdí ni pé ní Nẹ́dálándì, wọ́n ní láti fi iná mú ilé tí wọ́n gbin òdòdó sí gbóná. Ní Kẹ́ńyà, oòrùn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Oòrùn kan náà wà lọ́dọ̀ wa. Heliconia, ixora, croton aláwọ̀ mèremère àti imọ̀ ọ̀pẹ ń bẹ nínú ọgbà káàkiri, láìsí ẹni tó fi iná yá wọn. Bí ìgbéyàwó yín bá bọ́ sí ìparí òjò, ẹ wo òdòdó yẹ́lò tó máa ń bo ẹ̀bá títì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tithonia. Ó tètè ń rọ ṣá, nítorí náà ẹ já a láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tì í bọ omi lójú ẹsẹ̀. Ewé àkòko nìkan ni mi ò ní dábàá fún yín. Àwọn àlejò á máa béèrè pé ta ló ń joyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù rèé. Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní floral foam; ẹ jẹ́ ká máa pè é ní fóòmù òdòdó. Ó máa ń rí pọ́pọ́pọ́ bíi bíríkì aláwọ̀ ewé, ó sì ń fa omi mu bí búrẹ́dì ṣe ń fa tíì. Wọ́n á ki ẹsẹ̀ òdòdó bọ̀ ọ́, òdòdó á sì dúró gbọn-in. Ará Amẹ́ríkà kan, Vernon Smithers, ló gbé e jáde ní Ohio ní 1954. Ike ni wọ́n fi ṣe é. Kì í jẹrà. Ńṣe ló máa ń rún sí wẹ́wẹ́, tí omi á sì wọ́ ọ wọ gọ́tà, dé odò. Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn olùṣọ́gbà ní Ìlú Ọba, ti fòfin de lílò rẹ̀ níbi àfihàn wọn láti 2021.

Kí la lè lò dípò rẹ̀? Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ ni. Wọ́n á rún un mọ́ra, wọ́n á kì í sínú abọ́ olómi, ojú ihò rẹ̀ á sì di ẹsẹ̀ òdòdó mú. Lẹ́yìn ayẹyẹ, wọ́n á fọ̀ ọ́ pa mọ́ de òmíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ ju ti fóòmù lọ, nítorí náà owó iṣẹ́ lè gbé pẹ́ẹ́lí.

Ti òdòdó oníke ńkọ́? Bí ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ bá ń fi í yá àwọn èèyàn lò léraléra fún ọ̀pọ̀ ayẹyẹ, mi ò ní bá a jà. Kí ẹ ra tuntun fún ọjọ́ kan péré ni kò dáa.

Òdòdó tẹ́ ẹ lò ní ṣọ́ọ̀ṣì lè tẹ̀ lé yín dé gbọ̀ngàn. Bí ayẹyẹ bá parí, ẹ tú ríbọ́ọ̀nù kúrò lára rẹ̀, kí àwọn àlejò mú èyí tó ṣì tutù lọ sílé, kí ìyókù sì di ajílẹ̀ nínú ọgbà.

Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣe ọ̀ṣọ́ yín bóyá ó lè ṣe é láìlo fóòmù òdòdó. Bó bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ wá ẹlòmíràn.