Gígé DNA tó ń fa jẹjẹrẹ, òun náà ló tún ń gba àwọn SS sílẹ̀ o!

Ẹni tó bá ní SS nílé ló mọ bí òru ṣe máa ń gùn tó nígbà tí kíráísì bá dé. Victoria Gray, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, jẹ ìrora yẹn láti kékeré, àfìgbà tó di ọdún 2019 tí wọ́n gé DNA inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e ni o!

Ṣé ẹ rí DNA yìí, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó lọ́ mọ́ra ni. Tí ọ̀kan bá já, ara á tètè tún un so. Tí méjèèjì bá já pọ̀, wàhálà dé nìyẹn, torí sẹ́ẹ̀lì lè so ó lódìlódì, kó sì di jẹjẹrẹ. Ohun tí ìtànṣán bọ́ǹbù fojú àwọn ará Hiroshima rí lẹ́yìn ọdún 1945 nìyẹn, tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fi pọ̀ láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ara wa fúnra ẹ̀ náà máa ń gé e. Àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń gé DNA tiwọn, wọ́n á tún un tò, kí wọ́n lè dá oríṣiríṣi àrùn mọ̀. Susumu Tonegawa, ọmọ Japan tó tú àṣírí ẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1987.

Ti Gray ńkọ́? Wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ fún un, wọ́n fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CRISPR gé ibi tí kì í jẹ́ kí àgbàlagbà ní irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń ní. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe padà nìyẹn, kì í sì í ká kọ́ bíi ti SS. Nínú èèyàn 31 tí wọ́n yẹ̀ wò, 29 lo odindi ọdún kan láìrí kíráísì tó le. Bíríkótó, ìjọba Bìrìtìkó fọwọ́ sí i ní Nófẹ́ńbà 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní Dìsẹ́ńbà.

Ẹ má tíì jó o. Oògùn líle tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi pa sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ lè má jẹ́ kéèyàn bímọ mọ́. Owó ẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là! Nàìjíríà tí wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù láyé, ta ló fẹ́ san án?

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn. Láti ọdún 2025 ni ìjọba ti gbà láti máa sanwó ẹ̀ ní Ẹ̀ǹgẹ́láǹdì fún ẹni ọdún 12 sókè tí àìsàn náà le fún, tí kò sì rí ẹni tí mùdùnmúdùn eegun ẹ̀ bá tiẹ̀ mu.