Ìmísí fún Ìkọ̀wé Àtinúdá láti inú Ìtàn Akọni Ilẹ̀ Íńdíà

Ìfáàrà

Ọ̀kan nínú ìṣòro tí ó máa ń kojú akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó kọ ìtàn àròsọ tàbí eré-oníṣe ni èrò pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí nìkan ni a lè pè ní iṣẹ́ àtinúdá. Nígbà tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá ronú títí tí kò rí ohun tuntun, yóò gbé bírò sílẹ̀, tàbí kí ó da ìtàn inú fíìmù tí ó wò kọ. Lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Íńdíà fi hàn pé èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn òǹkọ̀wé tí ó lórúkọ níbẹ̀ ti ń kọ iṣẹ́ tuntun láti inú ìtàn tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i, àti ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ Yorùbá lè rí kọ́ nínú rẹ̀.

Ìtàn Akọni Méjèèjì

Ìtàn méjì ni ó jẹ́ òpómúléró lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Íńdíà: Ramayana àti Mahabharata. Ewì ni méjèèjì, ní èdè Sanskrit. Valmiki ni a gbà pé ó kọ Ramayana, tí ó ní nǹkan bí 24,000 ẹsẹ nínú ìwé méje. Ó sọ bí a ṣe lé Rama, ọmọ ọba Ayodhya, lọ sí inú igbó fún ọdún 14, bí Ravana ọba Lanka ṣe jí Sita aya rẹ̀ gbé, àti bí Rama ṣe jagun kí ó tó gbà á padà. Vyasa ni a gbà pé ó ni Mahabharata. Ìwé 18 ni ó pín sí, ẹsẹ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 100,000. Ìjà oyè ni ó dá lé lórí: àwọn Pandava márùn-ún àti àwọn Kaurava ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n jẹ́ ọmọ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, du ìtẹ́ Hastinapura títí ó fi di ogun ọjọ́ 18 ní pápá Kurukshetra.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Mahabharata kò ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo jáde. Láàárín nǹkan bí ọdún 400 ṣáájú ìbí Kristi àti ọdún 400 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi ìtàn kún ìtàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá tún un sọ lọ́nà tirẹ̀ lónìí kò ba àṣà jẹ́. Ẹsẹ̀ àwọn aṣáájú ni ó ń tọ̀.

Ìbéèrè Mẹ́ta tí Òǹkọ̀wé Lè Bi Ìtàn

Àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí kò kàn tún ìtàn sọ. Ìbéèrè ni wọ́n bi í, ìdáhùn wọn sì ni ó di iṣẹ́ tuntun.

Ìbéèrè kìíní ni: kí ló fà á? Nínú Mahabharata, ọba Dushyanta fẹ́ Shakuntala nínú igbó, ó sì ṣèlérí pé ọmọ tí ó bá bí ni yóò jọba. Nígbà tí obìnrin náà mú ọmọ dé ààfin, ọba ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì mọ̀ ọ́n dájú. Ohùn kan láti ọ̀run ni ó gbè é lẹ́yìn. Kalidasa, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, wá ìdí tí ẹni tí ó fẹ́ràn aya rẹ̀ fi lè sẹ́ ẹ. Èpè àti òrùka ni ó fi dáhùn. Nínú eré rẹ̀, Shakuntala ń ro ọkọ rẹ̀ débi pé kò gbọ́ nígbà tí Durvasa oníbìínú dé. Durvasa gégùn-ún pé ẹni tí ó ń rò yóò gbàgbé rẹ̀, àfi bí ó bá rí àmì ìrántí. Òrùka tí ọba fún un ni àmì náà. Ó bọ́ sómi, ẹja gbé e mì, apẹja ni ó sì padà rí i. Kò sí èpè, kò sí òrùka nínú Mahabharata. Àfikún méjì yìí ni ó sọ ìtàn ọba onírọ́ di eré ìfẹ́, ìgbàgbé àti àbámọ̀.

Ìbéèrè kejì ni: ohùn ta ni a kò gbọ́? Lakshmana, àbúrò Rama, bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sígbó. Urmila aya rẹ̀ dá jókòó sílé fún ọdún 14, Valmiki kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Rabindranath Tagore kọ àròkọ kan ní èdè Bengali láti fi hàn pé àwọn akéwì ti pa irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tì. Ní 1931, Maithili Sharan Gupt gbé ewì gígùn rẹ̀, Saket, jáde ní èdè Hindi, ó sì fún Urmila láyè láti sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Bákan náà ni M. T. Vasudevan Nair fi èdè Malayalam kọ ìtàn àròsọ Randamoozham ní 1984. Ojú Bhima, ìkejì nínú àwọn Pandava, ni ó fi wo ogun náà. Ẹni tí a mọ̀ sí alágbára àti ọ̀jẹun lásán wá di ènìyàn tí ó ń ronú, tí ọkàn rẹ̀ sì ń gbọgbẹ́.

Ìbéèrè kẹta ni: kí ni ìtàn yìí ń wí fún ìgbà tiwa? Ní 1947, nígbà tí a pín ilẹ̀ náà sí Íńdíà àti Pakistan, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn sì sá kúrò nílé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni Dharamvir Bharati kọ eré Andha Yug ní èdè Hindi. Kò dárúkọ 1947 níbẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí ogun Kurukshetra parí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ méjì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ààfin tí kò ku ohun tí à ń ṣọ́ mọ́. Kò sí ẹni tí ó wò ó tí kò mọ ibi tí òwe náà ń lọ.

Ìtàn Àtijọ́ àti Èdè Abínibí

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá fiyè sí. Michael Madhusudan Dutt kọ́kọ́ lépa òkìkí gẹ́gẹ́ bí akéwì èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ The Captive Ladie jáde ní 1849. Òkìkí tí ó ń wá kò tibẹ̀ wá. Ìgbà tí ó padà sí èdè Bengali, tí ó mú Meghnad, ọmọ Ravana ọ̀tá Rama, tí ó sì sọ ọ́ di akọni tí à ń káàánú nínú Meghnad Badh Kavya ní 1861, ni orúkọ rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀.

Ti Girish Karnad tún jọ ọ́. Ó ń múra àtilọ kàwé ní Oxford, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń bẹ̀rù pé kò ní padà wálé. Ìtàn Yayati nínú Mahabharata ni ó gbà á lọ́kàn: ọba tí a fi ọjọ́ ogbó ṣépè fún, tí ó ní kí ọmọ òun bá òun gba ogbó náà, tí Puru àbíkẹ́yìn sì gbà. Karnad fún Puru ní aya tí kò sí nínú ìtàn àtijọ́, kí a lè rí ẹlòmíràn tí ìrúbọ ọkọ náà pa lára. Akéwì èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Karnad ti ń retí láti dà, ṣùgbọ́n ó jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé ó ya òun lẹ́nu pé èdè Kannada ni eré náà bá jáde. A tẹ̀ ẹ́ ní 1961. Ìtàn tí ènìyàn fi èdè ilé gbọ́ ní kékeré sábà máa ń fa èdè ilé jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí Ó Yẹ ní Ṣíṣọ́ra Fún

Ìtàn wọ̀nyí kì í ṣe eré lásán lójú àwọn ẹlẹ́sìn Hindu. Ohun mímọ́ ni. Ní 2011, lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn, Yunifásítì Delhi yọ àròkọ A. K. Ramanujan lórí onírúurú Ramayana kúrò lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ń kà. Èyí kò ní kí òǹkọ̀wé má bèèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ó mọ ìtàn náà délé kí ó tó yí i padà, kí ó má sì fi ohun tí ẹlòmíràn ń bọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìlò Rẹ̀ fún Olùkọ́

Olùkọ́ lè sọ ìtàn Shakuntala fún kíláàsì bí ó ti wà nínú Mahabharata, kí ó sì dúró níbi tí ọba ti sẹ́ obìnrin náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìdí tirẹ̀ ní ojú ewé kan, kí a tó ka ìdáhùn Kalidasa fún wọn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ìtàn ilé. Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀jẹ́ tí Mọremí jẹ́ àti bí ó ṣe san án. Ohùn Olúorogbo, ọmọ tí a fi san ẹ̀jẹ́ náà, ńkọ́?

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà àgbà ni ìtàn àtijọ́. Iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Íńdíà ti fi hàn pé ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa yóò rí ibi tí ó ti lu. Ojú ihò yẹn gan-an ni iṣẹ́ àtinúdá ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìtàn tí ó sì mọ ìbéèrè é bi í kò ní wí mọ́ pé òun kò rí ohun tí òun yóò kọ.